Ẹ Má Tẹ "Mo Gbà" fún Ìwọlé Tí Ẹ Kò Bẹ̀rẹ̀: Ìtọ́sọ́nà lórí Àkáǹtì Ìdánimọ̀ Orílẹ̀-èdè

Ìbéèrè kan ni àwọn òǹkàwé ń bi wá ṣáá: "Bí ẹnìkan bá ti mọ nọ́ńbà ìdánimọ̀ mi, ṣé ó lè wọlé sórí íntánẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé èmi ni?" Níbi tí ètò bá ti dúró dáadáa, nọ́ńbà nìkan kò tó o. Nọ́ńbà yẹn kàn ń sọ ẹni tí ẹ jẹ́ ni. Fóònù yín, píìnì yín, ìtẹ̀ka yín tàbí káàdì tó ní ṣíìpù ló ń ṣílẹ̀kùn. Àwọn oníjìbìtì mọ èyí dáadáa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá ẹ̀yin gan-an kiri, kí ẹ lè fọwọ́ ara yín ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Ohun tí a kọ síhìn-ín wà fún ẹnikẹ́ni tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní ètò ìdánimọ̀ tí wọ́n fi ń wọlé sórí ìkànnì, ìbáà jẹ́ NIN ti Nàìjíríà, Aadhaar ti Íńdíà, Singpass ti Singapore, MitID ti Dẹ́nmákì tàbí BankID ti Swídìn. Orúkọ tó wà lára bọ́tìnnì lè yàtọ̀, àmọ́ bí iṣẹ́ náà ṣe ń tẹ̀léra kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

## Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ kó nǹkan wọ̀nyí jọ:

- Fóònù tó jẹ́ tiyín nìkan, tó ń béèrè píìnì tàbí ìtẹ̀ka kó tó ṣí.
- Síìmù tí wọ́n fi orúkọ yín forúkọ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn ló wà lórí síìmù, ẹni náà lè lọ gbà á padà lọ́jọ́ tó bá wù ú.
- Íìmeèlì tí ẹ ṣì ń lò, tí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ kò jọ ti ibòmíràn.
- Ìwé ìrìnnà tàbí káàdì ìdánimọ̀ tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá.
- Bébà àti bírò. Ẹ ó lò wọ́n.

Íìmeèlì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fojú kéré. Bí àkáǹtì ìjọba yín bá ń fi líǹkì ránṣẹ́ síbẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹni tó bá gba íìmeèlì lọ́wọ́ yín ti gba ìyókù náà nìyẹn. Ẹ tún un ṣe ṣáájú ohun gbogbo.

Ẹ má ṣí àkáǹtì yìí lórí kọ̀ǹpútà tí gbogbo èèyàn ń lò. Bí ẹnìkan bá ń bá yín ṣe é, ẹ má jẹ́ kó fi nọ́ńbà fóònù tàbí íìmeèlì tirẹ̀ síbẹ̀ nítorí kó lè tètè parí. Ibi tí wàhálà púpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: lẹ́yìn ọdún méjì, kóòdù ìwọlé ń lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ kò rántí orúkọ rẹ̀ mọ́.

## Bí ẹ ṣe máa ṣí àkáǹtì náà

1. Ẹ fúnra yín tẹ àdírẹ́sì ìkànnì ìjọba. Ẹ má gba orí ìpolówó tó máa ń wà lókè èsì ìwákiri, ẹ má sì gba orí líǹkì tí ẹnìkan fi ránṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó ni àdírẹ́sì, ẹ wo ohun tó gbẹ̀yìn ṣáájú ìlà ìdábùú (/) àkọ́kọ́ tó dá dúró. Ẹni tó ni example.com ló ni gov.example.com, bó ti wù kí "gov" yẹn dùn-ún wò tó. Àwòrán àgádágodo kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì kò sọ pé olóòótọ́ ni ẹni tó ni ìkànnì náà. Ohun tó ń sọ ni pé ẹlòmíràn kò lè ka ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín ẹ̀yin àti ìkànnì náà. Àwọn ayédèrú ìkànnì náà ní àgádágodo.

2. Ẹ gba orí ìkànnì yẹn lọ síbi tí áàpù wà. Ẹ ka orúkọ ẹni tó gbé e jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá fi fáìlì áàpù ránṣẹ́ sí yín, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá yín, ẹ pa á rẹ́.

3. Ẹ fi hàn pé ẹ̀yin ni. Àwọn ètò kan máa ń ya ojú yín, àwọn mìíràn máa ń ka ṣíìpù inú ìwé ìrìnnà. Fún ti ṣíìpù, kámẹ́rà á kọ́kọ́ ka ìlà méjì tó wà nísàlẹ̀ ojú ìwé tó ní fọ́tò yín, nítorí nọ́ńbà ìwé, ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ tí ìwé náà máa kú ni áàpù fi ń ṣí ṣíìpù. Bí kámẹ́rà bá ṣi lẹ́tà kan kà, ṣíìpù kò ní dáhùn, ẹ ó sì rò pé fóònù ló bàjẹ́. Ẹ tún ìlà náà kà lọ́wọ́ kan, ẹ yọ àpò fóònù, ẹ gbé fóònù lé ìwé náà, ẹ má sì gbé e kúrò títí tó fi máa parí.

4. Ẹ yan píìnì. Ọjọ́ ìbí yín wà lára káàdì yín gan-an, nítorí náà kò yẹ kó jẹ́ píìnì. Ẹ wò ó bóyá méjì ni ètò yín ń lò. Ní Ẹstóníà, PIN1 tí kò gbọ́dọ̀ dín ní nọ́ńbà 4 ni wọ́n fi ń wọlé, PIN2 tí kò gbọ́dọ̀ dín ní 5 sì ni wọ́n fi ń buwọ́ lùwé, ìbuwọ́lùwé náà sì dọ́gba pẹ̀lú ti bírò lójú òfin. Bí ojú ìwé kan bá béèrè PIN2 nígbà tó jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ wọlé ni, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta tí ènìyàn bá ṣì í tẹ̀, ó ti tì nìyẹn, àfi kó lo PUK onínọ́ńbà 8. Nítorí náà, bí ẹ bá ti ṣì í ní ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ dáwọ́ dúró kí ẹ lọ wo bébà yín.

5. Ẹ kọ kóòdù ìpamọ́ sílẹ̀, ìyẹn èyí tí ẹ ó fi wọlé bí fóònù bá sọnù. Login.gov, ètò ìwọlé ti ìjọba Amẹ́ríkà, máa ń fúnni ní 10, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ò sì ṣeé lò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bébà ló dáa jù. Ẹ má ya fọ́tò wọn sínú fóònù kan náà tí ẹ ń tìtorí rẹ̀ kọ wọ́n.

6. Ẹ jáde, kí ẹ tún wọlé. Àwọn èèyàn máa ń fo èyí. Ẹ ṣe é nísinsìnyí tí gbogbo ìwé ṣì wà níwájú yín, kó má jẹ́ lọ́jọ́ tí iṣẹ́ kánjúkánjú bá dé ni ẹ máa mọ̀ pé nǹkan kan ò jọra.

## Ohun ìwọlé kejì: èwo ni kí ẹ mú?

Ọ̀rọ̀ aṣínà nìkan kò tó mọ́. Bí ètò yín bá gbà yín láyè láti yan ohun kejì, ẹ mú u látòkè wá sísàlẹ̀ báyìí.

Passkey tàbí kọ́kọ́rọ́ USB. Passkey jẹ́ kọ́kọ́rọ́ tí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà yín ń tọ́jú dípò ọ̀rọ̀ aṣínà. Ó ti ń tàn kálẹ̀ láti ọdún 2022, òun sì ni mo fara mọ́ jù. Ìtẹ̀ka tàbí ojú yín lẹ fi ń ṣí i lórí fóònù, ó sì so mọ́ àdírẹ́sì ìkànnì tí ẹ ti ṣẹ̀dá rẹ̀. Bí ẹ bá ṣèèṣì dé ayédèrú ìkànnì, kò ní yọjú rárá, bí ojú ìwé náà ti wù kó jọ ojúlówó tó. Bí ẹ bá rí i pé passkey yín kò jáde níbi tó ti máa ń jáde, ẹ má wá ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà wọlé. Ẹ tún àdírẹ́sì kà. Ẹ má sì ṣẹ̀dá passkey sórí ẹ̀rọ tí ẹlòmíràn ń ṣí.

Áàpù ti ètò ìdánimọ̀ náà. Ó lágbára, ó sì rọrùn. Àléébù rẹ̀ ni pé wọ́n lè tan yín tẹ "Mo gbà", ọ̀rọ̀ tí à ń bọ̀ wá sọ.

Áàpù tó ń ṣe kóòdù. Nọ́ńbà 6 tó sábà máa ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá 30 sí 30. Kò nílò síìmù, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ayédèrú ìkànnì lè gbà á lọ́wọ́ yín ṣá o, kó sì lò ó kí àáyá 30 náà tó pé.

Kóòdù inú àtẹ̀jíṣẹ́. Ìsàlẹ̀ pátápátá. Oníjìbìtì tó bá lọ sọ fún iléeṣẹ́ fóònù pé òun ni ẹ̀yin, tí wọ́n sì fún un ní síìmù tuntun, òun ni kóòdù yín á máa wá bá. NIST, àjọ tó ń kọ ìlànà irú nǹkan báyìí fún ìjọba Amẹ́ríkà, fi kóòdù tó ń gba orí ìlà fóònù sínú ohun tí a gbọ́dọ̀ lò pẹ̀lú ìṣọ́ra. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló wà, ẹ lò ó. Ó sàn ju ọ̀rọ̀ aṣínà lásán lọ fíìfíì.

Èyí tó wù kí ẹ mú, ẹ forúkọ méjì sílẹ̀, kí wọ́n má sì jọ wà nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo.

Ní ti ọ̀rọ̀ aṣínà fúnra rẹ̀, gígùn ló ṣe pàtàkì. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu pẹ̀lú yíyí i padà lóṣooṣù. Èyí tí àwọn èèyàn ń ṣe nígbà náà ni pé wọ́n á fi 1 kún ìparí rẹ̀. Ẹ yí i padà nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé ó ti lu síta.

## Kí ẹ tó tẹ "Mo gbà"

Báyìí ni jìbìtì kan tó wọ́pọ̀ ṣe ń lọ. Ẹnìkan pè yín, ó ní láti ilé ìfowópamọ́ tàbí ọ́fíìsì ìjọba lòun ti ń pè. Ó ní ẹnìkan ń gbìyànjú àtiwọlé sí àkáǹtì yín lọ́wọ́lọ́wọ́, pé ìfiránṣẹ́ kan ń bọ̀ lórí áàpù, kí ẹ tẹ "Mo gbà" kí òun lè dí i lọ́nà. Lóòótọ́, ìfiránṣẹ́ dé. Áàpù yín gidi ló gbé e wá, láti ojúlówó ìkànnì. Kò sí àṣìṣe ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, kò sí àdírẹ́sì tó wọ́. Ẹni tó ń pè yín ló ti fi nọ́ńbà yín bẹ̀rẹ̀ ìwọlé lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ìka yín ló sì ń dúró dè.

Nítorí náà, kò sí bí ẹ ṣe lè wo ìfiránṣẹ́ náà kí ẹ mọ̀ pé jìbìtì ni. Ohun kan ṣoṣo tó yàtọ̀ níbẹ̀ ni ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ìwọlé. Ẹ bi ara yín:

- Ṣé èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ ìwọlé yìí, ní ìsinsìnyí?
- Orúkọ tí áàpù kọ, ṣé ibẹ̀ gan-an ni mo ń wọ̀?
- Ṣé ìwọlé ni wọ́n ní kí n gbà, àbí ìbuwọ́lùwé, àbí owó?
- Bí nọ́ńbà tàbí QR bá wà lójú kọ̀ǹpútà, ṣé kọ̀ǹpútà tó wà níwájú mi ni?

Bí ìdáhùn kan bá jẹ́ "rárá", ẹ tẹ "Mo kọ̀", ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ pe iléeṣẹ́ náà, lórí nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín tàbí lórí ìkànnì wọn, kó má ṣe jẹ́ èyí tí olùpè fún yín. Olóòótọ́ kì í bínú sí èyí. Ẹni tó bá ń sọ pé "ẹ má gbé e sílẹ̀ o, owó yín ń lọ" ti sọ irú ẹni tóun jẹ́.

Jìbìtì yìí wà lára ohun tó mú kí BankID ti Swídìn sọ QR rẹ̀ di èyí tí kì í dúró lójú kan. Bó ti ń yí padà léraléra, ó ṣòro kí ẹnìkan ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn. Ó dín in kù, kò pa á run. Àwọn kan á ní kí ẹ jẹ́ kí àwọn máa wo ojú kọ̀ǹpútà yín láti ọ̀dọ̀ wọn "kí àwọn lè bá yín tún un ṣe". Ẹ má gbà.

Irú kejì ni ti àtamọ́: ìfiránṣẹ́ mẹ́wàá, ogún, lóru, títí oorun á fi mú yín tẹ ọ̀kan. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ aṣínà bá máa ń ṣáájú ìfiránṣẹ́ nínú ètò yín, a jẹ́ pé ẹnìkan ti mọ tiyín nìyẹn. Ẹ yí i padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

## Nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ mú nọ́ńbà wá

Ẹ fún wọn ní ìwọ̀nba tí iṣẹ́ náà nílò. Íńdíà ní ẹ̀dà Aadhaar tó ń bo nọ́ńbà mọ́lẹ̀, tó jẹ́ pé 4 tó gbẹ̀yìn nínú 12 nìkan ló hàn. Ó tún ní nọ́ńbà arọ́pò oní 16 tí ènìyàn lè yí padà nígbà tó bá wù ú. Ní Nàìjíríà, NIMC, àjọ tó ń rí sí ìdánimọ̀ aráàlú, gbé NIN arọ́pò jáde fún irú nǹkan yìí: NIN gidi jẹ́ nọ́ńbà 11, arọ́pò jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 16, ó máa ń kú lẹ́yìn wákàtí 72, iléeṣẹ́ tí ẹ sì ṣe é fún nìkan ló wà fún. Ẹ bèèrè bóyá tiyín ní irú rẹ̀ kí ẹ tó ka nọ́ńbà jáde.

Bó bá di dandan kí ẹ fi ẹ̀dà ìwé sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ gbàgàdà sórí rẹ̀: ẹni tí ẹ fún, ohun tó wà fún, àti ọjọ́. Ẹ má kọ ọ́ sí etí tí wọ́n lè gé kúrò. Fọ́tò káàdì tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ṣì wà níbẹ̀ o. Ẹ lọ pa á rẹ́.

## Bí nǹkan bá kọ̀

"Kóòdù yín kò tọ̀nà", bẹ́ẹ̀ ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Aago fóònù yín ló sábà máa ń fà á. Aago ni áàpù fi ń ṣe kóòdù. Ẹ jẹ́ kí fóònù máa mú àkókò fúnra rẹ̀.

Àtẹ̀jíṣẹ́ kò dé. Ẹ má tẹ "tún fi ránṣẹ́" léraléra. Tuntun máa ń pa ti tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá sì wá jọ dé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wo bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà.

Kámẹ́rà kò mọ ojú yín. Ẹ nu ojú kámẹ́rà, ẹ yọ awò àti fìlà, ẹ kọjú sí ìmọ́lẹ̀.

Ìtẹ̀ka kò wọlé. Ìka àgbàlagbà àti ti ẹni tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́ agbára máa ń parẹ́. Ẹ bèèrè fún ojú tàbí ẹyinjú. Aadhaar, fún àpẹẹrẹ, gba ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ẹyinjú méjèèjì àti fọ́tò ojú, kó má bàa jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo ni ẹnikẹ́ni gbára lé.

Orúkọ kò bára mu. Bóyá orúkọ ìdílé ló ṣáájú níbì kan tó sì gbẹ̀yìn níbòmíràn, tàbí wọ́n kọ orúkọ àdàpọ̀ yín láìsí ìlà láàárín, tàbí orúkọ ọkọ ti wọlé. Ẹ lọ tún un ṣe lọ́dọ̀ àjọ tó ni àkọsílẹ̀. Ẹ má forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì láé: ìdánimọ̀ méjì fún ẹnìkan ṣòro ó tú ju àṣìṣe lẹ́tà kan lọ.

Wọ́n ní kí ẹ ṣe àtúnṣe sí káàdì tàbí áàpù. Ó lè jẹ́ òótọ́. Lọ́dún 2017, wọ́n rí àléébù nínú ṣíìpù káàdì Ẹstóníà tó tó nǹkan bí 760,000, ìjọba sì dá ẹ̀rí ìdánimọ̀ inú wọn dúró ní oṣù kọkànlá títí oníkáàdì kọ̀ọ̀kan fi sọ tirẹ̀ dọ̀tun. Nítorí náà, ẹ má fọwọ́ rọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ tì, ẹ má sì tẹ líǹkì inú rẹ̀. Ẹ fúnra yín tẹ àdírẹ́sì ìjọba, bí òótọ́ bá ni, ẹ ó bá a níbẹ̀.

## Bí fóònù bá sọnù

Ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ kọ nọ́ńbà iléeṣẹ́ fóònù yín, ti ilé ìfowópamọ́ àti ti ètò ìdánimọ̀ sórí bébà lónìí, nítorí inú fóònù tó máa sọnù yẹn ni wọ́n wà báyìí. Bó bá wá ṣẹlẹ̀:

1. Ẹ gba fóònù ẹlòmíràn, kí ẹ ní kí wọ́n ti síìmù. Òun ló ṣáájú, torí gbogbo kóòdù àtẹ̀jíṣẹ́ ń gba ibẹ̀.
2. Ẹ pe ètò ìdánimọ̀ kí wọ́n dá tiyín dúró. Ní Ẹstóníà, èèyàn lè pè fún èyí tọ̀sántòru, ọ̀pọ̀ ètò mìíràn náà sì ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀.
3. Ẹ pe ilé ìfowópamọ́.
4. Ẹ wọ íìmeèlì láti ẹ̀rọ mìíràn, ẹ yọ fóònù tó sọnù kúrò lára ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà.
5. Ẹ ti fóònù náà pa tàbí kí ẹ nù ún láti òkèèrè.
6. Nígbà tí ẹ bá ní fóònù tuntun, ẹ fi kóòdù ìpamọ́ wọlé, kí ẹ wo ìtàn ìwọlé. Èyí tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ fi sùn.

Ẹni tí kò ní kóòdù ìpamọ́ lè padà sí ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá. Bí ohun ìwọlé yín gbogbo bá sọnù lórí Login.gov, wọn kò ní ṣí i fún yín. Ẹ ó pa àkáǹtì náà rẹ́, ẹ ó sì ṣí òmíràn.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí náà: bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín bá kú lójijì, tí fóònù àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lórí iléeṣẹ́ kan náà sì ń ṣiṣẹ́, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹnìkan lè ti gba síìmù yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ 1.

## Bí kò bá sí fóònù olóye, tàbí bó bá jẹ́ ti àgbà

Áàpù nìkan kọ́ ló wà. MitID ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fi kóòdù hàn, ó sì ní èyí tó ń ka kóòdù sókè fún ẹni tí ojú ń dùn. Ibòmíràn, káàdì àti ẹ̀rọ tó ń kà á lórí kọ̀ǹpútà ni. Ẹ bèèrè lọ́fíìsì wọn. Wọn kì í sábà polówó rẹ̀.

Ohun tó wọ́pọ̀ ni pé kí ọmọ gba píìnì ìyá tàbí bàbá rẹ̀, kó máa bá wọn ṣe gbogbo nǹkan. Ìfẹ́ ni, àmọ́ ó léwu fún àwọn méjèèjì: ohun tí wọ́n bá fi píìnì Mama buwọ́ lù, Mama ló buwọ́ lù ú, ẹ̀yin náà ni wọ́n sì máa kọ́kọ́ wò bí nǹkan bá sọnù. Ẹ wá ètò tó ń jẹ́ kí ẹnìkan fún ẹlòmíràn láṣẹ. Nẹ́dálándì ní DigiD Machtigen fún èyí: orúkọ tiyín lẹ fi ń wọlé, ẹ sì ń ṣiṣẹ́ nípò wọn lórí ọ̀ràn tí wọ́n bá fọwọ́ sí nìkan. Níbi tí irú rẹ̀ kò bá sí, ẹ jókòó tì wọ́n, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn tẹ píìnì. Kí bébà kóòdù ìpamọ́ wà lọ́wọ́ wọn, kí ẹ̀yin sì mọ ibi tí wọ́n fi í sí.